Ẹni Tó Bá Mi Gbé Aṣọ Ràlíà Lé Itan

Bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tán báyìí, torí kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Mi ò kàwé púpọ̀, mi ò sì mutí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mò ń wà ní Lọ́kọ́ja níbí.

Kòtò omi kan wà lẹ́yìn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Crusher, ní ẹsẹ̀ òkè. Àwọn àgbà ní ilẹ̀ ló rì níbẹ̀ láyé ìjọ́sí, tí omi sì sun kún un láti ìsàlẹ̀. Àwọn èèyàn ń lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, èmi ni mò ń gbé wọn lọ, wọ́n á sì bi mí pé, "Bàbá, ìgbà wo ló dáa jù?"

Mo máa ń dáhùn bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ má lọ lásìkò òjò, torí omi á ti dàrú, ẹ ò ní rí àpáta tó wà nísàlẹ̀. Ẹ má lọ nígbà ọyẹ́, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí eyín yín máa gbá ara wọn. Ìgbà tí ọyẹ́ bá ti lọ, tí òjò ò tíì dé, ìgbà yẹn ni. Àárọ̀ sì ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí oòrùn bá ń tàn wọnú kòtò. Tí òkè bá ti gba oòrùn kúrò lójú omi, ẹ jáde. Òtútù kan máa ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú.

Ohun kan tún wà. Àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ tó ni ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ omi. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sétí omi, kó gbé aṣọ náà lé itan. Òun náà ni yóò pe ẹni tó ni aṣọ jáde. Wọ́n ní ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá wà nílẹ̀, kò lẹ́ni tó ń dúró dè é.

Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́ja, kí ló kàn mí?

Àfìgbà tí Ràlíà dé. Ọmọ Sàlámátù ni, àbúrò mi obìnrin, tó kú nígbà tí Ràlíà ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ìlọrin ni àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ. Kò mọ ojú ìyá rẹ̀, kò mọ ohùn rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó wọlé ọkọ, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ nǹkan kan nípa obìnrin tó bí òun.

"Bàbá Lọ́kọ́ja, níbo ni màámi fẹ́ràn jù níbí?"

Kòtò omi yẹn náà ni. Bí ẹja ni Sàlámátù ṣe máa ń lúwẹ̀ẹ́. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rèé, bí omi bá ti dé orúnkún mi, mo ti ń ké pe Ọlọ́run.

A ò tètè kúrò nílé. Ràlíà ń se ìrẹsì, ó ní òun ò lè gbé èmi àgbàlagbà jáde lébi. Nígbà tá a fi débẹ̀, oòrùn ti ń fà sẹ́yìn. Mo ní ká padà wá lọ́la. Ó kàn wò mí, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wò mí gẹ́lẹ́. Mo gba ìró rẹ̀, mo gbé e lé itan.

Ó mọ omi í wẹ̀, ọmọ náà. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú omi, inú mi sì dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìyẹn, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí ìrun Alásárì tó, mo gbé ìró náà lé orí àpáta, mo yà sẹ́yìn igi kan láti kírun. Mo ní kò ní pẹ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, orí mi wà nílẹ̀ níbi ìforíkanlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni, bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn.

"Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ mi. Ó tó, máa bọ̀."

Ara mi bù máṣọ. Kò sẹ́ni tó ń pe Ràlíà ní Àjọkẹ́. Sàlámátù nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè é, ó sì bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ náà sì ni. Mi ò mọ bí mo ṣe sálámà parí ìrun. Bóyá ìrun yẹn gbà o, bóyá kò gbà, Ọlọ́run ló mọ̀.

Obìnrin kan jókòó sétí omi, ó kẹ̀yìn sí mi. Ìró Ràlíà wà lórí itan rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lára. Mo fẹ́ sá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbà, ti òsì kọ̀, mo sì ṣubú lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Kí n tó gbórí sókè, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ràlíà ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ gun àpáta, ètè rẹ̀ ti ṣú.

"Ẹsẹ̀ mi kú sínú omi, Bàbá," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ti ń rì. Obìnrin kan ló ní kí n máa bọ̀. Ta ní ń jẹ́ Àjọkẹ́?"

Mo mú ìró náà kí n fi bò ó. Èmi kọ́ ni mo ká a bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́ta, wọ́n ki etí rẹ̀ bọ inú, bí Sàlámátù ṣe máa ń ká aṣọ. Ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ọ̀já tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lẹ́yìn ọmọ.

Mo wá sọ fún un pé òun ni Àjọkẹ́, ìyá rẹ̀ ló sì pè é. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n pe oríkì náà fún òun bí ìyá òun ṣe pè é. Mo gbìyànjú, ohùn mi dà bíi ti òbúkọ.

Ó ti wà nílé ọkọ báyìí. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń bọ̀ bí ọyẹ́ bá ti lọ. Mo ní ó dáa, àárọ̀ kùtù la máa lọ. Ó wá bi mí pé,

"Bàbá Lọ́kọ́ja, ṣé àárọ̀ ni màámi pè mí?"

Ìgbà tí oòrùn bá ti kúrò lójú omi ló fẹ́ lọ, kó lè tún gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kí ẹnì kan sì gbé aṣọ yín lé itan. Kó má gbé e sílẹ̀ o, bó ti wù kó rí. Tí oòrùn bá sì ti kúrò lójú omi, ẹ jáde, torí kì í ṣe gbogbo yín lẹ ní Sàlámátù níbẹ̀.