Ta Ló Ń Kó Hóró Àǹtí Gáàsì?

Ẹni tó bá ní Àǹtí Gáàsì kò ní sùúrù, irọ́ ló pa. Obìnrin tó lo ìgbà èwe rẹ̀, tó lo ìgbà àgbà rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ilé ọkọ nítorí gáàsì méjì péré, ta ni yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìnísùúrù? Gáàsì kìíní ń jẹ́ sẹ́nọ́nì. Inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí náà ló wà, díẹ̀ bíńtín, ó sì gbéraga: kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Ìkejì ni fúlúórínì, ìyẹn ò mọ̀ ju ìjà lọ. Ó ń jẹ irin, ó ń jẹ rọ́bà, ó ń jẹ ẹran ara, bó bá sì fojú kan omi, wàhálà dé nìyẹn. Iṣẹ́ Àǹtí Gáàsì ni láti so agbéraga pọ̀ mọ́ oníjà. Nígbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ rẹ̀ kan fi í rẹ́rìn-ín, ó ní sẹ́nọ́nì kì í gbéyàwó. Àǹtí Gáàsì ní ìyẹn bí kò bá tíì rí alárinà gidi.

Ó sì di alárinà lóòótọ́. Àpá tó wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀, fúlúórínì ló fi í síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ló kọ, àwọn ará ibi jíjìn sì mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é kò ní ariwo nínú. Á kó gáàsì méjèèjì sínú ìgò ribiti kan tó ní kọ́ọ̀kì lẹ́nu, á gbé e sójú fèrèsé kí oòrùn máa pa á. Tó bá yá, hóró funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ìgò náà, á máa dán yinrinyinrin. Àwọn hóró yẹn ló ń kó jọ. Ó fẹ́ fi wọ́n ṣe nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí, kó tó fẹ̀yìn tì.

Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Kékeré ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọ láàbù, ìyẹn yàrá ìwádìí wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìyá wọn kú nígbà tí Kékeré ò tíì mọ aṣọ wọ̀ fúnra rẹ̀, Àǹtí Gáàsì ló tọ́ ọ, òun ló rán an níwèé, òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́ gáàsì. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n fẹ́ gba Kékeré síṣẹ́ láàbù pátápátá. Gbogbo nǹkan ti tò, ó ku kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà fún un lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ta ni yóò rò pé ìyẹn lè di ìṣòro?

Kí wọ́n tó kó gáàsì sínú ìgò, ìgò gbọ́dọ̀ gbẹ. Kì í ṣe gbígbẹ tí èmi àtẹ̀yin mọ̀ o. Ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ sá a sóòrùn, omi tí ojú ò rí ṣì wà lára rẹ̀. Pọ́ǹpù ni wọ́n fi ń fa inú rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí wọ́n á sì máa fi iná yan án lábẹ́. Kékeré ló máa ń sùn tì í lórí àga, kò sì ráhùn rí.

Lọ́jọ́ kan, lásìkò òjò, ọ̀gá àgbà ní àlejò ń bọ̀ wá wo láàbù. Ara Àǹtí Gáàsì ò balẹ̀. Wọ́n ṣì ń yan ìgò lọ́wọ́ nígbà tó sọ fún Kékeré pé, “Ó ti tó. Já a lórí iná, gbé e wá.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i.”

“Mo ní ó ti tó.”

Wọ́n kó gáàsì sí i, oòrùn sì ṣe tirẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò fi máa dé, hóró ti yọ, ó sì ń ya gbogbo wọn lẹ́nu. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà láàárín wọn, tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ gáàsì ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Àǹtí Gáàsì ò fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgò náà bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ àṣírí. Ó tún rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí òun àti Kékeré ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ìgò mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà: ọ̀kan lọ́wọ́ Àǹtí Gáàsì, ọ̀kan lọ́wọ́ Kékeré. Kò pẹ́ rárá tí Àǹtí Gáàsì fi ṣí i, ó bá hóró tó ti dín kù. Nígbà tó tún ṣí i, ó kù díẹ̀ kó tán. Ìgò ò fọ́, àgádágodo ò já. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà dunjú lè ṣí kọ́ọ̀kì, kó fi pọ́ǹpù fa hóró náà jáde bí èéfín láìjẹ́ kí ẹnì kan mọ̀. Nínú gbogbo ilé yẹn, àwọn méjì péré ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìfura loògùn àgbà, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún wa pé kí á máa mu ún bí omi. Àǹtí Gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún láàárọ̀ lálẹ́. Ó fa irun kan yọ lórí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí kọ́bọ́ọ̀dù kó lè mọ̀ bí ẹnì kan bá ṣí i. Bí Kékeré bá gbé báàgì, ojú rẹ̀ á bá báàgì lọ. Lọ́jọ́ kan Kékeré jáde síta láti gba ìpè fóònù, Àǹtí Gáàsì sún mọ́ fèrèsé, ó gbọ́ tó ń sọ pé, “Ẹ ṣé sà. Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.” Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú wà. Inú bí i, ó sì dùn ún gan-an, torí ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ni.

Kò bi í. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń bínú sí obìnrin yìí. Ẹnu tó fi ń kọ́ odidi kíláàsì, kò lè fi bi ọmọ ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ohun tó sọ ni pé, “Má dúró sùn mọ́, màá máa yan ìgò fúnra mi.” Kékeré rò pé àánú ló ṣe é, ó ní ẹ ṣé mà.

Àmọ́ Àǹtí Gáàsì ò lè sùn láàbù, ẹ̀yìn ń dùn ún. Kò sì fẹ́ fi ìgò sílẹ̀ lórí iná kí olè má bàa wọlé bá a. Ló bá ń yan án lọ́sàn-án, á já a kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́, á tì í mọ́lé. Hóró tó ń yọ sì ń tètè pòórá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe ń pòórá ni ojú rẹ̀ ń le sí Kékeré.

Ọ̀gá àgbà pè é nígbà tó yá. “Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ló kù. Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún un?”

Àǹtí Gáàsì wo ilẹ̀. “Níbi tí hóró ti ń sọnù, sà, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbọ́ pé ọwọ́ Kékeré ò mọ́. Kékeré wá bá a nídìí tábìlì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?”

“Ìwọ lo mọ̀.”

Kékeré yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé orí tábìlì, ó tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì lọ.

Ó yẹ kí olè tán nígbà yẹn, àbí? Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ti wà lápò Àǹtí Gáàsì. Hóró ò yé pòórá. Ó fura sí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ó fura sí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ó fura sí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, èèyàn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan pọ́ǹpù. Ó kù díẹ̀ kó fura sí eku. Níkẹyìn ó ṣe ohun tó máa ń lé akẹ́kọ̀ọ́ síta fún: ó gbé ìgò lọ sílé, ó gbé e ka iwájú dígí ní yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ó jókòó tì í láti àárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò wọlé. Oòrùn wọ yàrá, ó sì rí i pé inú ìgò náà ti ṣe bàìbàì, bíi fèrèsé tí ọmọdé mí sí. Ó fi aṣọ nu ìta rẹ̀, kò mọ́. Gíláàsì fúnra rẹ̀ ni nǹkan ti ń jẹ láti inú. Àwọn hóró tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ti rù, ojú rẹ̀ ló ṣe.

Ohun tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí ni. Bí omi tí ò tó itọ́ eṣinṣin bá kù lára ìgò, yóò kan hóró, hóró á fọ́, ásíìdì á jáde. Ásíìdì á jẹ gíláàsì. Níbi tó ti ń jẹ gíláàsì, omi tuntun á yọ, omi yẹn á tún padà sídìí hóró, títí hóró á fi tán. Kò sí olè kankan. Ìgò tí ò gbẹ ni, ta ló sì ní kí wọ́n já a lórí iná? Ta ló lé ẹni tó ń sùn tì í? Àǹtí Gáàsì fọwọ́ bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá ọ̀gá àgbà, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pa mọ́. Ọ̀gá àgbà ní àyè náà ṣì ṣí sílẹ̀, kó lọ mú àbúrò rẹ̀ wá. Láti ibẹ̀ ló gba ilé Kékeré lọ.

Yàrá kan ni Kékeré ń gbé, ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọ́ báyìí ló kún orí bẹ́ẹ̀dì. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fún un lága, ó bu omi fún un. Àǹtí Gáàsì ò lè mu ún. Ó sọ ti ìgò, ó sọ ti omi, ó ní, “Èmi ni mo ṣe é. Kékeré, má bínú sí mi.”

“Mi ò bínú mọ́, mà.”

“Ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn ńkọ́? Mo gbọ́ tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.”

“Ó ní kí n wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Mo sọ fún un pé mi ò lè fi yín sílẹ̀.” Kékeré ń to ìwé jọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. “Nígbà tí mo padà pè é, wọ́n ti gbọ́ nípa mi.”

Àǹtí Gáàsì gbé ife omi náà sílẹ̀. “Ọ̀gá àgbà ní kí o padà wá. Iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́.”

Kékeré gbé ìwé sílẹ̀, ó wò ó lójú. Kò jágbe, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní mo padà. Ká ní ìgò gbẹ dáadáa, tí mo sùn tì í títí ilẹ̀ mọ́. Tí hóró bá tún dín kù, ta lẹ máa kọ́kọ́ wò?”

Ìdáhùn náà rọrùn. Kó ṣáà sọ pé kò sẹ́ni tí òun máa wò. Àmọ́ láti kékeré ni kò ti pa irọ́ fún ọmọ yìí rí. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

Kékeré dúró dè é títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un, ó ní kó jẹ́ kí òun sìn ín dé títì.