Ìbéèrè Nípa Àlejò

Nígbà tí mo gba iṣẹ́ pé ká máa bi àwọn ará Àkrà, olú ìlú Gánà, ní ìbéèrè láti ojúlé dé ojúlé, ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ní, bí onílé bá fún wa lóúnjẹ, kí la máa ṣe? Gbogbo wa ní a ò ní fọwọ́ kàn án. Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Lọ́jọ́ kejì mo kan ilẹ̀kùn ìyá Yorùbá kan ní àdúgbò Mamobi. Mi ò tíì kí i tán tó fi fà mí sídìí fáànù, tó gbé omi tútù àti abọ́ wáákyè, ìrẹsì ẹlẹ́wà tó léyin lórí, síwájú mi. Mo ń jẹun lọ, mo ń ka ìbéèrè.

"Ìyá, bí ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí bá kan ilẹ̀kùn yín, kí lẹ máa ṣe?"

Ó fajú ro. "Nínú Àkrà yìí? Ọmọ mi, mi ò ní ṣílẹ̀kùn. Olè ti pọ̀ jù." Ó tún bu ata ṣìtọ́ kún oúnjẹ mi.

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà, èmi tí mò ń bèèrè ni wọ́n bi: ǹjẹ́ mo jẹ ohunkóhun nílé yìí? Mo kọ́kọ́ lá ìka mi mọ́, kí n má baà kó epo bá ìwé, mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé rárá.