Abọ́ Kejì

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń rántí ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ń fún un sínú ọbẹ̀ rẹ̀, ó ta sí mi ní gíláàsì ojú, dípò kó sì bẹ̀ mí, ẹ̀rín ló bú sí. "Ẹnjiníà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀," ló wí. "Ṣé ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ń lọ níbí ni?" Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí a ti jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì yí i padà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ọ̀sán Sátidé ni. Ilé oúnjẹ àwọn ará Vietnam tí a máa ń lọ lẹ́bàá Sharpstown ní Houston kún, ooru ń ti ilé ìdáná jáde pẹ̀lú òórùn egungun tí wọ́n ti ń sè láti àárọ̀. A jẹun tán, a wakọ̀ padà sílé ní Mission Bend, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kò dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì. Mo gbọ́ ohun tó sọ, mo tilẹ̀ bi í ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, bí ẹni pé ẹ̀rọ ẹlòmíràn ló bàjẹ́.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń lọ sí ilé oúnjẹ yẹn. Ilé kékeré ni, láàárín ilé ìfọṣọ àti ilé onígbàjámọ̀, tábìlì rẹ̀ kì í dúró ṣinṣin, owó oúnjẹ rẹ̀ ò sì gani lára. Ọbẹ̀ olómi gbígbóná ni wọ́n ń tà, pho ni wọ́n ń pè é, nóódùsì funfun tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe ló máa ń wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ìyàwó mi rí i pé ẹran orí ọbẹ̀ náà ṣì pọ́n. Ó pe obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà, ìyá àgbàlagbà kan tí kò ga, tí kì í jókòó. "Mà, ẹran yìí ò jinná." Obìnrin náà ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ pé omi gbígbóná náà ni yóò sè é, kí a ṣáà rì í wọlẹ̀. Ìyàwó mi wo ẹran, ó wo obìnrin, ó ní, "Mà, ẹran yìí, bí a bá pè é, á dáhùn." Ojú tì mí títí, mo ń wo inú abọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Obìnrin náà di ẹ̀gbẹ́ mú, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́ méjèèjì padà sínú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́.

Ewé ló tún so wọ́n pọ̀. Wọ́n máa ń gbé àwo ewé tútù wá pẹ̀lú ọbẹ̀ náà, kí oníkálùkù já a sínú tirẹ̀. Ìyàwó mi gbé ẹ̀ka kan sí imú, ojú rẹ̀ yí padà. "Efinrin nìyí! Ẹnjiníà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Efinrin ti dé Amẹ́ríkà ṣáájú wa." Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan náà gan-an, àwọn méjèèjì jọra ni, mo sì ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, mo panu mọ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bu ewé fún un ní ìlọ́po méjì. Wọn á máa sọ̀rọ̀ ọmọ, wọn á máa sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wọ́n, èmi á máa jẹun. N kò tilẹ̀ mọ orúkọ ohun tí mo ń jẹ. Bí ọba ni mo ṣe ń jókòó, oúnjẹ á sì wá bá mi, bí ẹni pé ó mọ ilé mi.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kọ́ ló ń túfọ̀. N kò ro ọ̀rọ̀ yìí wò rí títí ó fi kàn mí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Bàbá Ìjọ, ẹni tó dàgbà jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ti dé, ó sì bá mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Gbé e fún mi," ó ní. "Kì í ṣe ẹnu tìrẹ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ." Òun ló pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun ló sọ fún ìjọ. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó sì ń gbé ní Rosenberg pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ló sọ fún àwọn yòókù. Ibikíbi tí mo bá dé, wọ́n ti mọ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," èmi á ní, "Ẹ ṣé, ẹ kú ẹsẹ̀." Ìsìnkú kọjá, àwọn àlejò kó bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ, síbẹ̀ ẹnu mi kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí pé ìyàwó mi kú.

Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó sí pálọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń dúró dè mí ní yàrá ló ń rí. Bí mo bá dé yàrá, pálọ̀ á máa pè mí. Mo fọ ọkọ̀ tó mọ́. Mo jáde lọ ra iyọ̀, mo ra bátìrì bọ̀. Mo ń wakọ̀ lórí Highway 6 láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń gba freeway dé ibi tí n kò ní iṣẹ́ kankan, bí iná bá sì dá mi dúró ní oríta, mo máa ń yà sí ọ̀tún kí n má baà dúró. Àwọn ìyá ìjọ gbé ọbẹ̀ kún fíríìsà, n kò lè jẹ ẹ́. Mo ń rù, mo ń fún bẹ́líìtì. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi kò sunkún, n kò sì ríran.

Ọ̀sán Sátidé kan, mo rí ara mi níwájú ilé oúnjẹ náà. Mo wọlé. Obìnrin náà rí mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ń retí kí ilẹ̀kùn tún ṣí.

"Madam ńkọ́?"

Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo ń nù ún.

"Ó rẹ̀ wọ́n?" ló bi mí.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kùn sí mi bí ẹni ń bá ọmọ wí, ó lọ sẹ́yìn, ó di abọ́ méjì sínú ọ̀rá, ẹran rẹ̀ jinná dáadáa, ewé kún ọ̀rá mìíràn lọ́tọ̀. "Ẹ ní mo kí wọn. Ẹ ní kí wọ́n mu omi rẹ̀ ní gbígbóná." Mo dúpẹ́, mo gbé e.

Mo jẹ tèmi nínú ọkọ̀, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó wọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun láti ọjọ́ wọ̀nyí nìyẹn. Mo gbé èkejì sí fíríìjì. Ní Sátidé kejì, mo tún lọ. Nígbà tó yá, n kò dúró de Sátidé mọ́. Ó máa bi mí bí ara madam ṣe rí, màá mi orí, á di méjì fún mi. Ẹnì kankan ò kí mi kú ará fẹ́ra kù níbẹ̀. Nínú gbogbo Houston, ibẹ̀ nìkan ṣoṣo ni ìyàwó mi ti ṣì wà láàyè, mo sì ń lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọbìnrin mi ló ṣí fíríìjì. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, òtútù ń fẹ́ sí i lára.

"Daddy, ta ló ń jẹ èkejì?"

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́."

"Kí lẹ wá ń rà á fún?"

"N kò ní kí wọ́n dì í. Àwọn ló ń dì í."

Ó jókòó, ó sì fi ohùn tó fi ń bá àwọn aláìsàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. "Daddy, Mummy ti kú."

"Ṣé mo ní kò kú ni?"

"Obìnrin náà ò mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó túfọ̀ fún un."

"Túfọ̀ bíi ti báwo? Daddy, ẹ kàn sọ fún un now! Ó ti tán. Àbí kí n pè é?"

"Má pè é."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní òun àti ọkọ òun ti sọ ọ́, yàrá ìsàlẹ̀ ilé àwọn ṣófo, kí n wá máa gbé Rosenberg, kí a ta ilé yìí. "Ẹ ò jẹun, Daddy, ẹ sì ń kó oúnjẹ Mummy wálé. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ohun tí èyí ń dà." Mo mọ yàrá ìsàlẹ̀ náà. Ó dára, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì ń rùn bíi ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì mọ̀ pé bí mo bá wọ ibẹ̀, àlejò ni n ó jẹ́ títí ọjọ́ mi yóò fi pé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láàyè di ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní ó dáa: bí mo bá ti sọ fún obìnrin náà, tí òun kò bá abọ́ méjì nílé mọ́, òun kò ní dárúkọ Rosenberg. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á mú ọkọ òun wá kó ẹrù mi.

Mo lọ bá Bàbá Ìjọ, mo ní kó bá mi lọ túfọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Kí èmi lọ túfọ̀ fún ará Vietnam? Kí n ti ibo bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi? Kí n kọ́kọ́ bèèrè àwọn ará ilé ni?" Nígbà tí ikọ́ náà tán, ó wò mí. "Ṣé obìnrin náà fẹ́ràn ìyàwó rẹ?"

"Ó fẹ́ràn rẹ̀, sà."

"Ó yẹ kó gbọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n wọn kì í ránṣẹ́ àlejò lọ túfọ̀. Ẹni tó mọ òkú, tó sì mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún, ni wọ́n ń rán. Nínú gbogbo wa níbí, ta ló mọ àwọn méjèèjì?"

Mo ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi lọ́wọ́.

"Ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó o. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lórí ìdúró."

Mo lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ní àkókò tí àwọn oníbàárà kì í pọ̀. Nínú ọkọ̀, mo ti to gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ́kàn, gbólóhùn rere, bí ìgbà tí mò ń kọ ìròyìn fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Bí mo ṣe wọlé, obìnrin náà ti na ọwọ́ sí ọ̀rá. Mo ní, "Ẹ dúró, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó."

"Kí n jókòó? Ta ni yóò ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin?"

Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó wo ojú mi, ó fi ọ̀rá sílẹ̀, ó fa àga kan, ó jókòó sí etí rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń jókòó níbẹ̀. Mo jókòó níwájú rẹ̀. Mo wá gbólóhùn mi, n kò rí ọ̀kan.

"Ìyàwó mi ti kú," mo ní.

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí a jọ wá kẹ́yìn. Nígbà tí a délé."

Mo rí i tó ń ro gbogbo rẹ̀ padà, ọ̀rá kan lẹ́yìn òmíràn. "Gbogbo ewé tí mo ń dì fún wọn," ó ní, "ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Mò ń dà á nù ni, mà."

Ó gbá mi lápá. Ó dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbá mi báyẹn kẹ́yìn, ìgbà tí mo ṣì wà ní ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ ìdáná bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, èmi náà sì ríran nígbà náà, nítorí mo sunkún. Nígbà tó ṣe, ó dìde lọ sí ilé ìdáná. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní èdè wọn, ariwo abọ́ sì dáwọ́ dúró.

Mo ṣì ń gbé ní Mission Bend. Ọmọ mi kò dárúkọ Rosenberg mọ́, àfi bí ó bá fẹ́ kí n wá jẹun. Láti ìgbà náà, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì tí kò jóná, mo ti kó aṣọ ìyàwó mi fún àwọn tó lè wọ̀ ọ́, mo sì lè dúró ní oríta títí iná á fi yí padà. Ara mi kò tíì balẹ̀ tán. N kò rò pé yóò balẹ̀ tán. Àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀ ń bi mí nínú ìjọ pé kí ni mo kọ́kọ́ dá ṣe, wọ́n rò pé n ó ní aṣọ ni mo fọ̀ tàbí ẹyin ni mo dín. Mo máa ń sọ fún wọn pé mo ní kí obìnrin kan jókòó, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un.