Ìgèrè Lẹ́nu Gọ́tà

Òórùn ọparun tútù tí wọ́n ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì mi lánàá ló gbé mi padà sí Ẹdẹ, sí ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣú.

Bàbá àgbà mi, apẹja tí ara wọn kò gbé odò mọ́, ru ìgèrè ọparun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán. Mo rò pé odò Ọ̀ṣun là ń lọ. Àfi bí wọ́n ṣe dúró nídìí gọ́tà ńlá tó gba abẹ́ títì kọjá, tí wọ́n sì ki ìgèrè bọ ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, ẹja wo ló wà nínú gọ́tà?"

"Ọ̀rá ni mo fẹ́ pa. Bí ọ̀rá bá dí abẹ́ títì, orí títì lomi máa gbà."

Àwọn ọlọ́kadà ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

Òjò dé. Àgbàrá ń ru bọ̀, ọ̀rá omi àti ike há sínú ìgèrè, omi sì ń ṣàn geere lọ lábẹ́ títì. Nígbà tí ìgèrè kún, tí bàbá kò lè dá a fà, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà yẹn sáré wá bá wọn fà á.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ẹnu gọ́tà yẹn ni àgbàrá ti gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin bàbá àgbà lọ, kí wọ́n tó bí mi.

Nígbà tí òjò dá, bàbá di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá, ẹ fún ọwọ́ mi jù."

Wọn ò tú u sílẹ̀ títí a fi délé.