Òkúta Inú Ẹrù Vendelín

Alárù ni Vendelín, ẹ má pè é ní nǹkan mìíràn. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú títí tó fi funfun, òun ló ń pọn ìyẹ̀fun, kábéèjì àti àgbá bíà gun òkè Tatra lọ sí Sokolka, ilé ìsinmi àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí òkè. Mọ́tò ò dé ibẹ̀. Nígbà kan, òkìtì yìnyín ya lulẹ̀, ó gbá ilé náà lọ ráúráú. Àwọn alárù pọn pákó gòkè, wọ́n sì tún un kọ́. Bẹ́ǹṣì olókùúta ẹnu ọ̀nà nìkan ni kò yẹsẹ̀.

Bẹ́ǹṣì yẹn, eré ló kọ́ ọ. Àṣà àwọn alárù ni kí wọ́n yọ́ ki òkúta bọ inú ẹrù ara wọn. O ó làágùn dókè, o ó tú ẹrù, o ó bá òkúta níbẹ̀, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, o ó sì gbé e lọ sórí bẹ́ǹṣì. Kò sí ọ̀dájú tó Vendelín nínú eré yìí. Àlùfáà tó wá gbàdúrà sí ilé tuntun náà pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún rẹ̀, kò rí òkúta kankan mọ́. Láràárọ̀ ló ń fọwọ́ tú ẹrù rẹ̀ wò, kábéèjì lásán ló ń bá. Àánú rẹ̀ ń ṣe àwọn alárù yòókù, ìyẹn sì dùn ún ju orúnkún lọ. Alárù tí wọn ò bá fi ṣeré mọ́, wọ́n ti kà á mọ́ àlejò nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nísàlẹ̀ òkè, Matúš, alárù bíi tirẹ̀, na ọwọ́ sí ẹrù rẹ̀.

“Bàbá Vendo, ẹ jẹ́ n bá yín gbé díẹ̀. Àgbà ti dé o.”

“Àgbà bàbá ta ni? Gbé tìẹ, kó o tó dákú sọ́nà!”

Inú bí Vendelín débi pé kò yẹ ẹrù wò. Ó fà á pọ̀n, ó sì kọrí sókè. Gbogbo àwọn alárù yòókù ló kọjá rẹ̀ lọ́nà.

Žofia, ìyá onílé Sokolka, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú làálàá o. Ọbẹ̀ yín ti tutù.”

“Ọ̀nà yẹn ló gùn sí i lọ́dún yìí.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó kábéèjì jáde. Gbogbo ilé ń yọjú wò ó. Nísàlẹ̀ pátápátá, òkúta kan jókòó, ó tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

“Ta ló ṣe èyí?”

Matúš ń wo àjà.

“Èmi ò mọ̀ o,” ni Žofia wí. “Bóyá kábéèjì ló bí i.”

“Ìkà! Apààyàn! Ẹ fẹ́ pa arúgbó!” Ẹ̀rín àti omijé jọ ń ṣàn sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Matúš sáré wá bá a gbé e.

“Má fọwọ́ kàn án! Tèmi ni!”

Ó dá a gbé jáde, ó gbé e lé orí bẹ́ǹṣì, ó jókòó lé e, ó wá ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ tútù òun wá.