Olórin Hong Kong Tó Dá Ohùn Mi Padà

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní Decatur, ní Amẹ́ríkà níbí, ilé Ìyá Wendy ni mo máa ń wà lẹ́yìn ilé-ìwé títí màmá mi á fi parí shift ní ọsibítù. Ará Hong Kong ni Ìyá Wendy, ọmọ rẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílẹ̀ yìí, ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kí òórùn atalẹ̀ àti ìrẹsì tó ń hó tó kí yín káàbọ̀.

Iṣẹ́ tiwa ni kí a ṣa ewébẹ̀ sínú abọ́. Tí a bá ti ṣe tán, Ìyá Wendy á ki fídíò bọ ẹ̀rọ. Obìnrin kan náà la máa ń wò, olórin tó tún ń ṣe fíìmù. Ẹnu mi ò gba orúkọ rẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ ní Àǹtí Hong Kong.

Ìyá Wendy mọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn ẹ̀gbọ́n ẹni. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń kọrin ní ìta gbangba, kí ìyá rẹ̀ lè rí nǹkan fi bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tó wọ inú fíìmù, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé tíì ni wọ́n fi í ṣe. Ó gbé tíì náà dáadáa débi pé àwọn èèyàn ń béèrè pé ta nìyẹn. Kò pẹ́, òun ni wọ́n ń gbé tíì fún. Síbẹ̀, àwọn kan ní ohùn rẹ̀ ti wúwo jù, pé ó dà bíi ti ọkùnrin. Kò pa á dà. Ohùn yẹn náà ló fi gbajúmọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àǹtí tó ń kọ́ akọrin ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ní kí n máa la ẹnu lásán, torí ohùn mi ń bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé kan, màmá mi ní kí n ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná. Mo sá lọ wo fíìmù, ẹ̀wà jóná kanlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo káwọ́ sókè, mo kọjú sí ògiri. Kí n lè gbàgbé apá tó ń ro mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Àǹtí Hong Kong jẹ́jẹ́, lédè tí mi ò gbọ́.

Màmá mi yọjú láti kíṣìnì. “Ta ló ń kọrin yẹn?”

“Èmi ni, mà. Ẹ má bínú.”

“Ohùn ìyá mi rèé! Kí ló dé tí mi ò gbọ́ ọ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì?”

Ẹkún ni mo fi jẹ́wọ́. Màmá ní kí n dìde. Nígbà tó di Sunday, wọ́n lọ bá Àǹtí akọrin: “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ bá a wá ibi tó máa dúró sí.” Àǹtí náà fi mí sáàárín àwọn ọmọkùnrin, èmi ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ ìkórè, èmi ni mo dá ẹsẹ̀ kejì orin kọ. Ìyá Wendy jókòó níwájú, kò gbọ́ Yorùbá kankan, ó sì ń nu ojú.

Àǹtí Hong Kong ti darúgbó báyìí, ó ti fi orí ìtàgé sílẹ̀. Inú fóònù ni ọmọ mi ti ń wá orin ní tirẹ̀, níbí ní Conyers tí à ń gbé báyìí; orin kan ò tíì parí, ó ti yí i sí òmíràn. Mi ò bá a jà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oṣù làwa fi ń retí kásẹ́ẹ̀tì kan láti Hong Kong, tó bá sì dé, a máa ń gbọ́ ọ títí a ó fi mọ ibi tí akọrin ti ń mí.