Pákó Tí Bàbá Ògúnrìndé Kàn Ni A Ń Bèèrè

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá Mùtíù Ògúnrìndé, káfíńtà àdúgbò wa ní Òwu, l'Abẹ́òkúta, jáde nílé láti lọ kírun àsùbáà. Láti ẹnu ọ̀nà wọn dé mọ́sáláṣí kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Gọ́tà kan ló wà láàárín, ó jìn ju ìdúró ọkùnrin lọ, pákó tí bàbá fi ọwọ́ ara wọn kàn ló sì wà lórí rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti ń gba orí pákó yìí kọjá, wọn kì í tan iná. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ síbi tí wọ́n máa ń gbé e sí. Pákó kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n.

Ta ló gbé pákó? Olè kọ́. Àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Ẹwà Ìlú ló rán àwọn òṣìṣẹ́ wá lẹ́yìn ìrun ìṣáà ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n kó gbogbo pákó tó wà lórí gọ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò títí dé òpin rẹ̀, wọn ò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ta kánópì sójú títì ń ké nígbà náà, kò sí ẹni tó gbọ́ ìró wọn. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ ṣíṣí ọ̀nà tuntun tó gba àdúgbò wa kọjá. Wọ́n ní pákó yóò ba fọ́tò jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ àdúgbò wa. Orí àpáta la kọ́lé sí. Láyé àtijọ́, òkúta pẹlẹbẹ ni àtẹ̀gùn wa, àgbà lè fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tí ọ̀nà tuntun dé, katapílà gé àtẹ̀gùn náà kúrò, wọ́n gbẹ́ gọ́tà síwájú ilé wa, wọ́n ní kọnkéré tí a ó máa gba orí rẹ̀ kọjá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì dé. Kò síbi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà sọdá títì, kò síbi tí kòròpé lè dúró gbérò. Iná sólà wà, ó mọ́lẹ̀ rekete, ṣùgbọ́n ojú títì ló kọ sí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ṣé mọ́tò ló ń gbé Òwu ni, àbí èèyàn?

Rodiat aránṣọ, tó ń gbé lódìkejì ilé bàbá, wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ nígbà náà. Àkàbà ni ọkọ rẹ̀ fi ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú gọ́tà, tí yóò sì tún fi gbé e gòkè lápá kejì, kó tó lè lọ fún àyẹ̀wò. Bàbá rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọn ò kọ lẹ́tà sí kọmíṣọ́nnà. Wọ́n pa ṣọ́ọ̀bù dé, wọ́n kọjá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ rí àlùfáà.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àga onírin ni, a kó àwọn bẹ́ǹṣì ìrókò àtijọ́ sẹ́yìn ilé, òjò ń pa wọ́n. Bàbá tọrọ wọn. Àlùfáà fi tayọ̀tayọ̀ yọ̀ǹda wọn. Bí Mùsùlùmí ṣe fi bẹ́ǹṣì àwọn oníjọ Áńgílíkà kan afárá fún gbogbo Òwu nìyẹn, ìmàle àti onígbàgbọ́, láìgba kọ́bọ̀. Ojúlé mọ́kànlélógún. Wọ́n wọn gọ́tà iwájú ojúlé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gé pákó, wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lórí kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ nígbà òjò. Ọjọ́ tí Rodiat gbé ọmọ tuntun délé, orí pákó bàbá ló gbà wọlé.

Èyí tó wà níwájú ilé wọn, ara bẹ́ǹṣì ìdílé wa ni wọ́n ti gé e. Ìyá tó bí ìyá mi ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ wọn sí i nígbà èwe wọn: HARRIET. Mo bá bàbá níbi tí wọ́n ti ń kàn án, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi.

"Jídé, ìyá ìyá ẹ ni yóò máa gbé mi sọdá báyìí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mo ti da ojú orúkọ wọn délẹ̀. A kì í tẹ orúkọ àgbà mọ́lẹ̀."

Irú ẹni tó ti wọ káà ilẹ̀ lọ nìyẹn. Kò lè tẹ orúkọ òkú mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣàkóso ìlú wa ńkọ́?

Kí n tó bá wọn wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ na ara mi. Nínú oṣù kìíní ọdún yìí, lójú ewé ìwé ìròyìn yìí kan náà, mo kọ ọ́ pé ọ̀nà Òwu ti dà bí ti òkè òkun. Inú mọ́tò ni mo ti rí i. Èmi tí mò ń ti Abẹ́òkúta lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí mò ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀nà ni pé kò ní kòtò mọ́. Orí pákó bàbá ni mò ń gbà dé ìdí mọ́tò, síbẹ̀ mi ò ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i, wọ́n fìwé pè mí, mo jókòó lábẹ́ kánópì. Alága ètò gba maikirofóònù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé iṣẹ́ náà parí láìsí ìjàǹbá, pé kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Mo pàtẹ́wọ́. Èkó ni mo sùn mọ́jú, mi ò tíì gbọ́ pé àkókò náà gan-an ni bàbá ń kú lọ ní ilé ìwòsàn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, mi ò lẹ́nu láti kọ ìyókù.

Àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí ló gbọ́ ìkérora wọn nínú gọ́tà. Àkàbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá ni wọ́n fi gbé bàbá jáde lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ni wọ́n sì fi gbé òkú wọn wọlé láti wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé òkú wọn jáde nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sí ohun tí a ó gbé e gbà lórí èjìká. Mélòó nínú yín ló ti rí i rí, kí wọ́n gbé òkú dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, kó wá dúró? Àwọn ọ̀dọ́ bá lọ yọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàbá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí gọ́tà. Orí rẹ̀ ni káfíńtà gbà lọ sí itẹ́ òkú.

Ọjọ́ kẹjọ la ṣe fídáù. Ẹ wá wo nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lọ́rì kan dé, ó já pẹpẹ kọnkéré mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n tò wọ́n sórí gọ́tà iwájú ilé bàbá, ó tẹ́jú dáadáa. Inú wa dùn, a ní ikú bàbá ti so èso. Àwọn èèyàn ńlá gba orí rẹ̀ wa jíìpù wọlé, wọ́n kí ìyàwó olóògbé, Ìyá Àfúsá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ Ajé, lọ́rì náà padà wá. Wọ́n ní àwọn yá kọnkéré náà láti ibi iṣẹ́ mìíràn ni. Wọ́n kó o lọ.

Mo bi Ìyá Àfúsá ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí n kọ. Wọ́n ní:

"Jídé, wọ́n ti kí mi tó. Pákó bàbá ni kí wọ́n bá mi gbé wá."

Mo lọ sí ọgbà Ẹwà Ìlú, lápá Láfẹ́nwá. Mo rí àwọn pákó náà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Mo ń yí wọn lójú padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí HARRIET. Mo fẹ́ gbé e. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà dì mí lọ́wọ́ mú, kò sì fi ìwọ̀sí bá mi sọ̀rọ̀.

"Brọ̀dá, ẹ má bínú o. Wọ́n kọ ọ́ síwèé pé pàǹtí ni. Pàǹtí tó bá ti wọ ibí, ti gọ́fúmẹ́ǹtì ni. Àfi kí ẹ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ ẹni tó ní kí wọ́n kó o."

Ta ni ẹni náà? Ẹwà Ìlú ní agbaṣẹ́ṣe ni. Agbaṣẹ́ṣe ní àwọn tó ṣètò ayẹyẹ ni. Àwọn tó ṣètò ayẹyẹ ní Ẹwà Ìlú ni. Ṣé pákó mọ́kànlélógún lè fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí Láfẹ́nwá? Wọ́n mọ orúkọ ẹni tó gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta mábù. Orúkọ ẹni tó pa àṣẹ tó pa èèyàn ni wọn ò mọ̀. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹwà wo ló wá wà nínú ọ̀nà tí ẹni tó nilé kò lè jáde sí?

Títí di òní, orí ilẹ̀kùn tí òkú ọkọ wọn gbà jáde ni Ìyá Àfúsá ń gbà lọ sọ́jà.

Mi ò bèèrè ère. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ bàbá pe ọ̀nà náà. Kọnkéré ni mo fẹ́ lójúlé mọ́kànlélógún, èyí tí lọ́rì kò ní padà wá kó, mo sì fẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo: ẹni tó ní kí wọ́n kó pákó. Kí ó jáde síta. Kí ó fi èjìká ara rẹ̀ ru pákó yẹn láti Láfẹ́nwá wá sí Òwu. Kí ó da ojú orúkọ ìyá ìyá mi délẹ̀, kí ó tẹ́ ẹ sórí gọ́tà, kí ó gba orí rẹ̀ lọ bá opó bàbá nínú ilé. Bí ẹ̀rù bá ń bà á láti gùn ún, kí ó bi àwa ará Òwu léèrè: pákó bàbá kò já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí.